Ẹbí Ni Gbogbo Wa ní Ọ́fíìsì Yìí

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí yín, mo kí gbogbo aago tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín, mo sì kí àǹtí aránṣọ tó wà lódìkejì títì. Mo gbà pé ara gbogbo yín le.

Bàbá, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Ìròyìn burúkú ni mo fẹ́ fi tó yín létí, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ṣàwárí pé ṣíbí kan ti sọnù nínú ilé ìdáná ọ́fíìsì wa.

Ṣíbí tíì ni. Mẹ́fà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti di márùn-ún. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, a kò tíì rí i.

Ọ̀gá wa obìnrin pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní kì í ṣe ṣíbí ló ń dun òun, ìfọkàntán tó bá ṣíbí lọ ni. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fi mí sí i nítorí pé n kì í mu tíì. Lójoojúmọ́ la ń jókòó láti aago méjì sí aago mẹ́rin, tí àwọn àgbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa bẹ̀ wò sì ń wojú ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń sọ fún àwọn èèyàn pé báǹkì ni mo wà. Bàbá, kì í ṣe báǹkì. Àjọ Kí-Àgbà-Má-Dá-Wà ni. Àjọ aláàánú ni, kì í ṣòwò. Iṣẹ́ wa ni ká máa lọ jókòó ti àwọn arúgbó tó ń dá gbé, ká bá wọn sọ̀rọ̀, ká ka ìwé ìròyìn fún wọn, ká bá wọn wá gíláàsì tí wọ́n gbé sójú ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ṣíbí ti kàn yín nìyí: ọ̀gá ti ní kò sẹ́ni tó máa gba ìsinmi títí ṣíbí yóò fi jáde. Fọ́ọ̀mù tí mo kọ pé mo fẹ́ wá síbi ìgbéyàwó yín wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ fáìlì ṣíbí. Ẹ bá mi bẹ àǹtí aránṣọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣì fún mi láyè díẹ̀ sí i.

Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín

~

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo jókòó bí o ṣe wí. Mo tiẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú. Nígbà tí mo dé ibi ṣíbí, mo dìde.

Ara wa le. Aago ńlá tí ilé ìwòsàn gbé wá fún àtúnṣe lọ́dún tó kọjá ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì wá gbé e, nítorí náà ó ń dún fún gbogbo àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá ti dún, mi ò ní gbọ́ nǹkan míràn fún ìṣẹ́jú méjì.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń tún aago ṣe. Àwọn nǹkan tó ń bọ́ lọ́wọ́ mi kéré ju ojú èèrà lọ. Bí ọ̀kan bá bọ́, màá kúnlẹ̀, màá tan tọ́ọ̀ṣì, màá wá a. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí kí n yan ìgbìmọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. O mọ̀ pé lọ́jọ́ tí aránṣọ gbà fún mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Ọmọ yín ńkọ́?” Mo ní o ti fọwọ́ sí i. Ó ní òun ò fẹ́ ìfọwọ́sí orí ìwé, òun fẹ́ rí ojú rẹ ní kóòtù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́jọ́ iwájú pé òun yọ́ wọlé nígbà tí ọmọ kò sí nílé. Mo ṣèlérí. A mú ọjọ́ nínú oṣù Kìíní, o ní iṣẹ́ pọ̀. A sún un sí oṣù Kẹta, ṣíbí dé. Mo ti padà lọ bá akọ̀wé kóòtù. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ló fún wa. Ó wojú mi títí, ó ní, “Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ìyàwó mọ̀ sí i?”

Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi. Nínú lẹ́tà rẹ ti oṣù Kejìlá, o kọ ọ́ pé, “Mọ́mì ní ká wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi.” Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ ti kú láti ọdún mẹ́rin, èmi náà ni mo sì sin ín. Mọ́mì wo ló ń pè ọ́ síṣẹ́?

Bá mi wá tọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ń so mórí bọ̀. Kì í ṣe èyí tó ń yọ àwọ̀ pupa.

Bàbá rẹ

~

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti ra tọ́ọ̀ṣì. Funfun nìkan ló ń tàn.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Mọ́mì bà yín lọ́kàn jẹ́. Ọ̀gá wa ni. Mọ́mì ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é, kì í ṣe pé a jọ pinnu rẹ̀ o. Wọ́n kọ ọ́ gàgàrà sára ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà: ẸBÍ NI GBOGBO WA NÍBÍ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, mo bi í pé aago mélòó la ń ṣíwọ́. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹbí máa ń ṣíwọ́ ni?” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ bi í ní nǹkan, màá kọ́kọ́ sún sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a máa ń jókòó yípo kí kálukú sọ ohun tó ń dúpẹ́ fún nínú Àjọ. Akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, agbálẹ̀ wa ní òun ń dúpẹ́ pé ọjọ́ Ẹtì ni. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Àga tó dára mẹ́wàá wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá bò, ti àwọn olùrànlọ́wọ́ tó bá wá bẹ̀ wá wò. Wọn kì í wá. Àwa ń jókòó lórí àwọn tó kù, a sì ti mọ èyí tí kò ṣeé fara tì.

Ẹ bá mi yọ̀, a ti rí ṣíbí. Inú ife Mọ́mì ló wà, lórí tábìlì Mọ́mì, láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́. Èmi ni mo rí i, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọjọ́ méjì sí i lórí bí a ṣe máa kọ ọ́. Ohun tí a kọ nígbẹ̀yìn ni pé ṣíbí náà kò sọnù rí, pé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ló wà.

Mo wá mú fọ́ọ̀mù mi, mo lọ bá a. Ó kà á, omi lé sí i lójú.

“Ìgbéyàwó bàbá rẹ? Ìwọ ọmọ yìí, àwa wá ńkọ́? Ṣé àwa kọ́ ni ẹbí rẹ ni?”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ni, Mọ́mì.”

“Ẹbí kì í gba ìsinmi kúrò lọ́dọ̀ ẹbí.”

Ó wá ní òun ò kọ̀ o, ṣùgbọ́n kí n lọ gba ìbuwọ́lù Ìgbìmọ̀ Ìdùnnú Òṣìṣẹ́. Ìgbìmọ̀ náà kò tíì jókòó láti ọdún tó kọjá. Ìbànújẹ́ ló mú kí alága rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ má sọ pé kí èmi náà fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi so mọ́ iṣẹ́ yìí. Bí iṣẹ́ bá lọ, mo gbọ́dọ̀ kó ẹrù mi padà sílé láàárín oṣù kan. Mo sì tún fẹ́ràn iṣẹ́ gan-an fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá jẹ́ kí n ṣe é. Ìyá kan wà ní àjà kẹta ilé kan lẹ́yìn afárá, nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ń gbọ́ ìró bàtà mi láti àjà kejì. Kí n tó kan ilẹ̀kùn, á ti máa sọ̀rọ̀: “O tún pẹ́. Ta ni wọ́n ló jí kí ni lónìí?” Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́tìnì aláwọ̀ ewé rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo gun àga.

Ẹ ṣì máa bá mi di àǹtí aránṣọ mú.

Ọmọ yín

~

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Aránṣọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dì mú. Ó ní kí n sọ fún ọ pé oṣù Kọkànlá ni òun ti gé aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ sí kóòtù, pé aṣọ náà ti ń kéré sí òun lára níbi tó fi kọ́. Ó ní bí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin bá tún yẹ̀, kí n má wá sọ ọjọ́ míràn fún òun.

Nǹkan míràn wà tí mi ò fẹ́ sọ. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò wa. Lójoojúmọ́ ló ń mú ṣẹ́ẹ̀tì kan náà wá fún aránṣọ pé bọ́tìnnì já. Bọ́tìnnì kì í já lójoojúmọ́. Mo ní kí aránṣọ jẹ́ kí n rí ṣẹ́ẹ̀tì náà. Mo fi gíláàsì tí mo fi ń wo inú aago wo òwú rẹ̀. Abẹ ni wọ́n fi gé e.

Mo sọ fún aránṣọ. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ó kéré tán, ọkùnrin náà ń dé ní àsìkò tó dá.

Nítorí náà, mo ti ronú. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá ni obìnrin ibi iṣẹ́ rẹ yẹn, mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan bá a sọ. Ọ̀gá lágbára lórí ọmọṣẹ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní ẹbí ni òun, ó tún kọ ọ́ sára ògiri. Ọ̀rọ̀ ẹbí, mo mọ̀ ọ́n. Lọ́la ni mo máa kọ̀wé sí i.

Bàbá rẹ

~

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta

Sí Mọ́mì, Àjọ Kí-Àgbà-Má-Dá-Wà

Ẹbí mi tó wà lẹ́yìn odi,

Ẹ kú àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì ríra rí. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èmi ni bàbá ọmọ yín tó ń jókòó nítòsí fèrèsé.

Inú mi dùn láti gbọ́ pé ẹbí ni wá. Ẹ má bínú pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo ti pe ìpàdé ẹbí níhìn-ín, mo sì ti dárúkọ yín fún wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé níbo lẹ wà nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi, àti pé kí ló dé tí ẹ kò yọjú síbi ìsìnkú ìyàwó mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ le díẹ̀. Mo bá yín bẹ̀bẹ̀. Mo ní a kò tíì mọra nígbà náà. Wọ́n ti dárí jì yín, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọmọ wa sọ fún mi pé ẹ ní ẹbí kì í gba ìsinmi kúrò lọ́dọ̀ ẹbí. Òótọ́ lẹ sọ. Bó ṣe rí nílé tiwa náà nìyẹn. Bí ayẹyẹ bá wà, ẹnì kan kì í tọrọ àyè lọ, gbogbo ẹbí ló ń lọ. Nítorí náà, ẹ lè da fọ́ọ̀mù yẹn nù. À ń retí ẹ̀yin àti ọmọ yín méjèèjìdínlógún ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Aago pọ̀ lọ́dọ̀ mi, a óò mọ̀ bí ẹ bá pẹ́.

Ẹ̀yin ni ẹ óò dúró lápá ọ̀dọ̀ ọkọ. Àwọn ọmọ yín ọkùnrin ni yóò to àga, àwọn obìnrin ni yóò fọ abọ́. Akọ̀wé yín, tí mo gbọ́ pé ó mọ nǹkan kọ sílẹ̀ dáadáa, ni yóò máa kọ orúkọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Gbogbo yín ni ẹ óò jọ gbálẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ bi mí léèrè ohun tí ẹ jẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ náà ta kókó díẹ̀. Ẹni tí ọmọ mi ń pè ní Mọ́mì, kí ni mo lè sọ pé ó jẹ́ sí mi? Mo ti ṣàlàyé fún un pé kò sí ìfẹ́ kankan láàárín wa. Ó gbà, ṣùgbọ́n aránṣọ ni, ó ní kí ẹ fi ìwọ̀n ìbàdí yín ránṣẹ́ kí òun lè mọ irú ẹni tí òun ń bá lò.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ní orúnkún tó ń dùn ún. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹbí kan lẹ́yìn odi tí òun lè dé sí lọ́dọ̀ kí wọ́n lè bá òun wo orúnkún náà. Nígbà tó gbọ́ nípa yín, ó dìde láìdi ohunkóhun mú. Ọjọ́ méjì péré ló fẹ́ lò. Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ nígbà tó wá sọ́dọ̀ wa, ọdún kan ó lé oṣù méjì ló lò, a sì gbádùn rẹ̀. Kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Ó kàn ń fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì òun wà nínú yàrá onílé, nítorí ó fẹ́ràn kó máa rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo ti fún un ní nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì yín.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni ẹbí yín,
Bàbá Aláago

~

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Kò sí àyè ìkíni. Lẹ́tà yín ti ọjọ́ kejìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi orúkọ ìyá mi bẹ̀ yín, ẹ má kọ̀wé sí Mọ́mì. Bí ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ sáré lọ bá wọn ní pósítọ́ọ́fíìsì.

Ọmọ yín

~

Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ gidi.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni lẹ́tà yín dé. Mọ́mì rí i pé ọ̀dọ̀ òbí òṣìṣẹ́ ló ti wá, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ìdúpẹ́ ni. Kò ṣí i. Ó gbé e fún akọ̀wé pé kó kà á sókè lásìkò ìjókòó ìdúpẹ́, kí gbogbo ẹbí lè gbọ́.

Akọ̀wé kà á. Bí ẹni ń ka ìlànà oògùn ni akọ̀wé wa ṣe ń kàwé, kò sì fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó dé ibi “ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́,” agbálẹ̀ wúkọ́. Nígbà tó dé ibi ìwọ̀n ìbàdí, akọ̀wé wo Mọ́mì, Mọ́mì wo òkè àjà. Ó ka ti orúnkún tán, ó ká lẹ́tà náà dáadáa, ó wá bèèrè pé, “Mọ́mì, ṣé abẹ́ ìdúpẹ́ ni kí n kọ èyí sí?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní, “Ní tèmi o, mo lè gbálẹ̀ níbikíbi. Ṣé ọkọ̀ òfurufú kan náà la máa jọ wọ̀, àbí Mọ́mì máa ṣáájú?” Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ìyá òun náà ti ń wá yàrá kékeré kan, òun ò kàn mọ ẹni tí òun lè bi ni. Ẹnì kan ní bàbá òun fẹ́ràn àtimáa kí ẹbí lówùúrọ̀ kùtùkùtù. Kí ìjókòó tó tú ká, ẹbí Mọ́mì ti tó àádọ́ta. Mọ́mì ní orí ń fọ́ òun.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n yín ni. Akọ̀wé ní Mọ́mì ò sí nítòsí. Wọ́n ní, “Sọ fún un pé èmi ni, ó máa mọ̀.” Wọ́n pè lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló ṣèèṣì gbé e. Ọ́fíìsì wa kéré, gbogbo wa la gbọ́ ohùn wọn: “Ìyàwó wa! Ẹ kú ilé o. Bẹ́ẹ̀dì yẹn, ṣé ó ga ni? Mi ò lè gun bẹ́ẹ̀dì gíga o.”

Bàbá, inú ń bí mi sí yín. Ẹ lọ jà fún mi láìbi mí bóyá mo fẹ́ ìjà. Láti ọjọ́ Ajé, Mọ́mì kò dá mi lóhùn. Wọ́n ti gbé àga mi kúrò nítòsí fèrèsé, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Fọ́ọ̀mù mi kò sí nínú dúrọ́ọ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìwé ìsinmi ni wọ́n ń tẹ̀ fún mi ni tàbí ìwé ìlélọ. Bó bá jẹ́ ìlélọ, màá wá síbi ìgbéyàwó yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹrùtẹrù ni màá wá. Ta ló máa wá máa lọ bá nọ́ọ̀sì mi?

Ọmọ yín

~

Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Sí Bàbá Aláago

Ọ̀gbẹ́ni,

A gba lẹ́tà yín. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé Àjọ yìí ń lo “ẹbí” gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìṣàkóso. Kò kan ilé èmi fúnra mi, kò kan yàrá mi, kò sì kan bẹ́ẹ̀dì kankan, yálà gíga tàbí kúkúrú.

Èmi àti òṣìṣẹ́ mi kò ní lè wá. A kò ní lè fọ abọ́. Mi ò ní ìwọ̀n ìbàdí kankan láti fi ránṣẹ́.

A ti fún ọmọ yín ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí. A fún un pẹ̀lú ìdùnnú, ní kíákíá, lórí àdéhùn pé kí ẹ̀gbọ́n yín má pe fóònù yìí mọ́. Àárọ̀ òní ni ìpè kẹsàn-án.

Èmi ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Ọ̀gá Àgbà

~

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà tí o fi ń bínú dé lánàá. Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ obìnrin náà.

O jàre láti bínú. Mo rò pé mo gbọ́n. Ìgbà tí mo kọ lẹ́tà yẹn tán, mo kà á fún aránṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo gbé lọ sí pósítọ́ọ́fíìsì, mi ò rántí àga rẹ nítòsí fèrèsé.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń dá jẹun. Mo mọ àwọ̀ kọ́tìnì nọ́ọ̀sì àjà kẹta. Mo mọ ìgbà tí ó ń rí ọ àti ìgbà tí o bá pẹ́. O ń kọ ọ́ dáadáa, inú mi sì ń dùn sí i. Lẹ́yìn náà màá ká lẹ́tà, màá lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn ni mi ò sọ fún ọ rí, nítorí o lè rò pé mo ń jowú ìyá arúgbó.

Mi ò ní jẹ́ kí o pàdánù iṣẹ́ nítorí kí n lè rí ẹni bá jẹun. Mo ti pinnu. Bí mi ò bá gbọ́ ìròyìn rere títí di ọjọ́ kejìlélógún, màá kọjá sódìkejì, màá sọ fún aránṣọ pé mi ò lè mú ìlérí mi ṣẹ. Kó gba ti dírẹ́bà. Ó kéré tán, bọ́tìnnì yóò dẹ́kun àtimáa já.

Má gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Aago wà níbí, wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ

~

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ má kọjá sódìkejì! Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan!

Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi. Láti ọjọ́ kejì oṣù yìí ni wọ́n ti fún mi, wọ́n kọ ọ́ sí yín, mo rò pé ó ti dé ọwọ́ yín, n kò sì kọ̀wé nítorí pé mo ṣì ń bínú. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Lónìí ni tiyín dé, mi ò sì mọ̀ bóyá lẹ́tà Mọ́mì ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Mo ti pè yín lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e, aago ilé ìwòsàn ni mo ń gbọ́, tí ẹ̀yin náà á sì máa pariwo pé, “Ta nìyẹn? Mo ti tún un ṣe, ẹ wá gbé e!” Ẹ ó sì gé e.

Lẹ́tà yìí kò lè dé kó tó di ọjọ́ kejìlélógún. Nítorí náà mo ti ṣe ohun tí mi ò ṣe rí. Mo lọ bá Mọ́mì, mo ní ọjọ́ kọkànlélógún ni mo fẹ́ máa lọ, kì í ṣe kẹrìnlélógún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹbí…” Fóònù dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé náà ní ìdúró. Mi ò mọ ẹni tó pè. Agbálẹ̀ ni mo rí ní kọ̀rọ̀ tó ń fi fóònù rẹ̀ sí àpò.

Mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì. Mo rò pé ó máa bínú. Ó ní, “Bàbá tìrẹ ń dá gbé, o wá ń gun àga nítorí kọ́tìnì mi? Bọ́ síta.” Mo dé àtẹ̀gùn, ó tún pè mí padà. Ó ní kí n wo ojú aránṣọ dáadáa, kí n wá ròyìn rẹ̀ fún òun, kí n má sì pẹ́.

Mi ò ní fi lẹ́tà yìí sí pósítọ́ọ́fíìsì. Èmi fúnra mi ni màá mú un wá. Bí ẹ bá ń kà á, á jẹ́ pé mo dúró níwájú yín, ebi sì ń pa mí.

Ọmọ yín

~

ÀJỌ KÍ-ÀGBÀ-MÁ-DÁ-WÀ
ÌKÉDE FÚN GBOGBO ÒṢÌṢẸ́
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Karùn-ún

Inú Ìgbìmọ̀ Olùdarí dùn láti kéde pé Àjọ ti yọ àgbà kan kúrò nínú ìdáwà. Èyí ni àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dá Àjọ sílẹ̀. Àgbà náà jẹ́ ọkùnrin tó ń tún aago ṣe. Lẹ́yìn ìpàdé mọ́kànlá àti lẹ́tà kan láti ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà, ó gbéyàwó ní kóòtù ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Àwòrán rẹ̀ yóò wà lójú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìròyìn ọdọọdún wa.

Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó lọ síbẹ̀ kò gba ìsinmi, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ. Àbẹ̀wò ló lọ ṣe. Yóò kọ ìròyìn àbẹ̀wò náà ní ẹ̀dà mẹ́ta, yóò sì ṣàlàyé ìdí tó fi lo ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dọ̀ àgbà kan ṣoṣo.

Ọkọ ìyàwó yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí a fi mọ́ èyí pé Àjọ ló ṣe é. Kò pọn dandan kí ìyàwó fọwọ́ sí i, nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wa.

Lọ́dún tó ń bọ̀, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú òbí kan tó ń dá gbé wá.